Àwọn ìbéèrè Bàbá Òkèsà

Òjò ńlá kan rọ̀ ní Iléṣà lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù kẹrin. Èmi àti àbúrò bàbá mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá Òkèsà ni gbogbo wa ń pè wọ́n nílé, nítorí àdúgbò tí wọ́n kọ́lé sí. Mànàmáná kọ, ààrá sán lọ́nà jíjìn, gílóòbù tó wà lókè orí wa wá rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kú. Kò kú. Ó mọ́lẹ̀ padà ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, ó tún rẹ̀, ó tún mọ́lẹ̀. Fáànù inú pálọ̀ ń sáré, ó tún ń fà, a sì ń gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe ń yí padà láti ìta. Ó tó ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan bẹ́ẹ̀ kí gbogbo ilé tó ṣókùnkùn.

Mo ti dìde láti wá tọ́ọ̀ṣì. Bàbá ò mira. Wọ́n ní, "Jókòó, ọmọ mi. Kì í ṣe tàdúgbò wa nìkan. Gíríìdì tó so iná gbogbo orílẹ̀-èdè pọ̀ ló lọ yẹn."

Mo bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀.

"Ká ní fídà wa, wáyà tó ń gbé iná wá sí àdúgbò, ló já, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ì bá kú, bí ìgbà téèyàn fẹ́ àtùpà pa. Èyí mì kó tó kú. Àwọn ẹ̀rọ tó wà lọ́nà jíjìn ló ń bára wọn fà á."

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí Bàbá fi ṣiṣẹ́ iná kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni wọ́n sì fi ṣe ṣíìfù nínú yàrá àkóso. Nígbà tí rédíò ka ìròyìn agogo mẹ́wàá, ohun tí wọ́n ti sọ náà ni wọ́n kà.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára gan-an, nítorí pé nínú kọ̀ǹpútà mi ní Ilé-Ifẹ̀, mo ní iṣẹ́ kan tí mo gbà pé ó mọ ohun tí Bàbá mọ̀ yìí. Mo ń kàwé gboyè ìjìnlẹ̀ kejì nígbà náà, ó sì ti lé ní ọdún kan tí mo ti ń kọ́ kọ̀ǹpútà láti mọ̀, bí fọ́ọ̀tì, ìyẹn àbùkù òjijì, bá ti ṣẹlẹ̀ lórí wáyà ńlá, bóyá gíríìdì á dúró àbí á wó. Ìwé àbájáde rẹ̀ wà nínú báàgì mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sì ti ń wá bí màá ṣe fi hàn wọ́n.

Wọ́n máa ń ki àwa Ìjẹ̀ṣà pé a ò rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Obokún ti ń múná roko. Bí iná mànàmáná wa ṣe rí gan-an nìyẹn, ọ̀nà jíjìn la ti ń mú un wá. Kàǹjí ti ń fún wa níná láti ọdún 1968. Jẹ́bà àti Ṣíróró náà wà, omi ló ń yí gbogbo wọn. Ẹgbìn wà ní Èkó, gáàsì lòun ń jẹ. Wáyà 330 kV (kV kan jẹ́ ẹgbẹ̀rún fóltì) ló so wọ́n pọ̀, Òṣogbo sì ni ibùdó àkóso tó ń ṣọ́ gbogbo rẹ̀ wà. Láti ibẹ̀ ni ìlà 132 kV ti ń gbé e wá sí ọ̀dọ̀ wa, kí àwọn transfọ́mà tó sọ ọ́ di 33, kí wọ́n sọ ọ́ di 11, kí èyí tó wà lórí òpó àdúgbò tó wá sọ ọ́ di ohun tí gílóòbù lè gbà.

Gbogbo àwọn tọ́báìnì wọ̀nyẹn, ẹ̀rọ tó ń yí láti pèsè iná, bí wọ́n tilẹ̀ jìnnà síra wọn ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà, ìlù kan ṣoṣo ni wọ́n ń jó sí. Ìgbà 50 ni iná wa ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sì gbọdọ̀ sí ẹ̀rọ tó máa sọ pé òun á dá tòun ṣe. Ẹni tó bá ti rí ọmọge mẹ́ta tí wọ́n ń gún iyán nínú odó kan á tètè mọ ohun tí mò ń sọ. Ọmọorí odó kan ń lọ sókè, èkejì ń bọ̀ nílẹ̀, ìkẹta ń tẹ̀ lé e, ẹnikẹ́ni ò wo ojú ẹnikẹ́ni, ohùn odó ni wọ́n ń gbọ́. Wàyí o, ká ní ẹnì kan já odó yẹn gbà lábẹ́ wọn, tó sì dá a padà kí ojú tó ṣẹ́. Apá tó ti ń fi agbára lu iyán ò rí ohun tó máa lù mọ́, á sáré kọjá ibi tó yẹ kó dé. Bí odó bá tètè padà, wọ́n á wá ara wọn rí, gígún á máa lọ. Bó bá pẹ́, ọmọorí odó á pàdé ọmọorí odó.

Ohun tí fọ́ọ̀tì ń ṣe nìyẹn. Mànàmáná bọ́ lu wáyà, tàbí ẹ̀ka igi fara kàn án, iná ò sì rí ọ̀nà jáde kúrò nínú jẹnẹrétọ̀ tó wà nítòsí ibẹ̀. Omi tàbí gáàsì tó ń yí i ò mọ̀, ó ṣì ń tì í. Jẹnẹrétọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Lórí wáyà ńlá bíi 330 kV, rílè tó ń rí àbùkù àti bírékà tó ń já iná sábà máa ń gé ibi tó bàjẹ́ kúrò láàárín nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Ìbéèrè tó kù ni pé, lẹ́yìn tí wọ́n ti gé e, ṣé àwọn ẹ̀rọ á padà wá ara wọn rí?

Ìṣirò wà tó ń dáhùn ìbéèrè yìí, ṣùgbọ́n ó gùn. Kọ̀ǹpútà á máa yanjú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, fún fọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, fún ìwọ̀n lóòdù (iná tí àwọn ènìyàn ń lò) kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ gíríìdì ò ní dúró dè é. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ronú nípa machine learning. Dípò kí ẹ̀rọ máa ṣe ìṣirò ní àkókò wàhálà, a ti fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún àpẹẹrẹ hàn án tẹ́lẹ̀, èyí dúró, èyí wó, títí tó fi mọ àmì wọn. Kì í ṣe àwa la bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Láti ìparí àwọn ọdún 1980 ni Louis Wehenkel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Liège, ní orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀m, ti ń ṣe é pẹ̀lú ohun tí wọ́n ń pè ní igi ìpinnu, ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ tó ń tẹ̀ léra wọn. Ní nǹkan bí àkókò kan náà, ní 1988, Arun Phadke àti James Thorp ṣe ẹ̀rọ kan tí a mọ̀ sí PMU ní Virginia Tech ní Amẹ́ríkà. Ó ń wo ibi tí ìgbì iná dé lórí wáyà, ó sì ń lo aago sátẹ́láìtì kí ẹ̀rọ tó wà ní ìlú kan àti èyí tó wà ní ìlú mìíràn lè sọ ohun tí wọ́n rí ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà gan-an.

Èmi lo gíríìdì kékeré tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń lò, èyí tí wọ́n yà láti ara ti New England ní Amẹ́ríkà, tó ní ìsopọ̀ 39 àti jẹnẹrétọ̀ 10. Mo dá fọ́ọ̀tì sílẹ̀ lórí rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà láìmọye ìgbà. Nígbà tí mo dán ẹ̀rọ mi wò, nínú àpẹẹrẹ 100, ó gba 99. Mo fò sókè nínú yàrá mi ní Lágere lọ́jọ́ náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì òjò yẹn ni mo mú ìwé náà jáde. Bàbá ka ojú ìwé àkọ́kọ́, wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn sílẹ̀. "Nínú 100 tó o dá sílẹ̀ yìí, mélòó ló léwu ní tòótọ́?"

"Bíi 5, sà."

"Tí èmi náà bá jókòó síbí, tí mò ń sọ pé kò séwu, kò séwu, láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, mélòó lẹ máa fún mi?"

Mo ṣírò rẹ̀. 95. Bàbá tó kàn jókòó sórí àga láìwo ohunkóhun á gba 95. Mo wá lọ wo ẹyọ kan tí ẹ̀rọ mi kò gbà nínú ọgọ́rùn-ún. Inú àwọn 5 tó léwu ló wà. Ìyẹn ni pé nínú ewu 5, ọ̀kan ń gba iwájú rẹ̀ kọjá, ó sì ń kí i pé ó dàbọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò kọ iye tó gbà lápapọ̀ sí òkè ìwé mọ́. Ohun tí mo ń kọ ni iye ewu tó rí nínú gbogbo ewu tó wà, lẹ́yìn náà iye ìgbà tó pariwo lásán. Àwọn méjèèjì ò sì dọ́gba. Bó bá pariwo lásán, a lè gé iná àdúgbò kan fún ìgbà díẹ̀ láìnídìí. Bó bá dákẹ́ nígbà tó yẹ kó pariwo, gbogbo orílẹ̀-èdè ló máa wà lókùnkùn. Bàbá sì kìlọ̀ fún mi nípa ariwo asán náà. Wọ́n ní àwọn ti bá aago ìkìlọ̀ kan ṣiṣẹ́ rí tó máa ń dún ṣáá, títí ẹnikẹ́ni nínú yàrá ò fi gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́.

Ohun kejì, èmi fúnra mi ni mo rí i, ó sì dùn mí jù. Òru ni, mò ń wo àkọsílẹ̀ mi lórí kọ̀ǹpútà, mo rí ìlà méjì tó jọra wọn. Fọ́ọ̀tì kan náà, lórí wáyà tó so ìsopọ̀ 16 mọ́ 17. Ní ìlà àkọ́kọ́, lóòdù wà ní 101, tí a bá ka ìwọ̀n ìpìlẹ̀ sí ọgọ́rùn-ún. Ní ìlà kejì, ó wà ní 102. Gbogbo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, bí ìbejì. Ọ̀kan wà lára àwọn tí mo fi kọ́ ẹ̀rọ. Èkejì wà lára àwọn tí mo fi dán an wò.

Mo yí ìwé náà wálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí jálẹ̀. Nígbà tí mo po gbogbo àpẹẹrẹ pọ̀ tí mo sì ṣà wọ́n bí ẹni ṣa ẹ̀wà, Táyé bọ́ sí ìhín, Kẹ́hìndé bọ́ sí ọ̀hún. Ìdánwò tí mo ṣe fún ẹ̀rọ mi dà bí ti olùkọ́ tó kọ́ ọmọ ní 12 àti 13, tó wá fi 12 àti 14 dán an wò, tó ń yọ̀ pé ọmọ náà mọ ìṣirò. Ọwọ́ mi tutù. Mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, bí mo bá fi fọ́ọ̀tì wáyà kan dán an wò, kò gbọdọ̀ ti rí wáyà yẹn rí lọ́nàkọnà. Àbájáde wó lulẹ̀. Mo jókòó títí ilẹ̀ fi mọ́, mo ń gbọ́ àwọn ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó ń lọ sí Sábó, mo sì mọ̀ pé ohun tí mo ti fi ọdún kan yangàn rẹ̀ kò tíì sí rárá.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àbájáde hàn yín kó má sọ bó ṣe pín àpẹẹrẹ rẹ̀. Mo ti ka iṣẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà tí kò sọ ọ́, mi ò sì gbà wọ́n gbọ́ mọ́.

Nígbà tí mo padà sí Iléṣà, mo ti kó New England sílẹ̀, mo ti bọ́ sórí àwòrán 330 kV tiwa, èyí tó ní ìsopọ̀ 28 táwọn akẹ́kọ̀ọ́ nílẹ̀ yìí máa ń lò. Bàbá fẹ́ràn ìyẹn. Wọ́n ń fi ìka tọ ojú wáyà kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń dárúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bèèrè pé, "Ìlà wo ni kò sí lórí iṣẹ́ lọ́jọ́ náà?"

Mo ní gbogbo ìlà ló wà lórí iṣẹ́.

Wọ́n wò mí. "Ọjọ́ wo ni gbogbo ìlà wà lórí iṣẹ́ rí?"

Wọ́n wọ yàrá, wọ́n gbé ìwé àkọsílẹ̀ kan jáde tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, èyí tí àwọn fúnra wọn ń kọ yàtọ̀ sí ti ibi iṣẹ́. Ojú ìwé kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ bákan náà. Kó tó kan fóltéèjì, kó tó kan lóòdù, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ ni èyí tí kò sí: ìlà tí wọ́n ń tún ṣe, transfọ́mà tó gbóná, jẹnẹrétọ̀ tó wà ní ìsinmi. Ẹni tó bá gba ṣíìfù kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkankan kó tó ka ibẹ̀. Ẹ̀rọ mi ò mọ̀ pé ojú ìwé bẹ́ẹ̀ wà láyé.

Mo padà sí Ifẹ̀, mo yọ ìlà kan ṣoṣo láàárín Jẹ́bà àti Òṣogbo kúrò nínú àwòrán, mo sì dá àwọn fọ́ọ̀tì ọjọ́sí sílẹ̀ padà. Ẹ̀rọ ń dáhùn pẹ̀lú ìdánilójú pé kò séwu, kò séwu, bẹ́ẹ̀ gíríìdì ń wó lójú mi. Ìdánilójú yẹn ló bà mí lẹ́rù ju àṣìṣe lọ. Mo wá ṣe ohun méjì. Mo fi ipò bírékà kọ̀ọ̀kan kún ohun tó ń rí, mo sì yọ ìlà lọ́kọ̀ọ̀kan nínú àpẹẹrẹ tí mo fi ń kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, mo kọ́ ọ láti sọ pé òun ò mọ̀. Bí ohun tó wà níwájú rẹ̀ bá jìnnà sí gbogbo ohun tó ti rí rí, kó má dá ẹjọ́, kó ké sí ènìyàn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2003 ló mú mi rin kinkin mọ́ èyí. Wáyà rọ̀ wálẹ̀ kan igi ní ìpínlẹ̀ Ohio, ṣùgbọ́n ètò kọ̀ǹpútà tó yẹ kó pariwo ní yàrá àkóso ti dákẹ́ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé òun ti dákẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ rò pé àlàáfíà ni. Nǹkan bí 50 mílíọ̀nù ènìyàn ló wà lókùnkùn kó tó parí.

Ọ̀rọ̀ ti àkókò kò gùn. Mo ti ń jẹ́ kí ẹ̀rọ wo ìṣẹ́jú àáyá kan gbáko lẹ́yìn fọ́ọ̀tì kó tó sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ nígbà tí yóò fi sọ̀rọ̀, àwọn jẹnẹrétọ̀ ti tú ká. Mo gé e sí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Àbájáde rẹ̀ tún bọ́ sílẹ̀ díẹ̀, mo sì gbà á bẹ́ẹ̀.

Aago pẹ̀lú kọ́ mi lọ́gbọ́n. Mo rí àkọsílẹ̀ fọ́ọ̀tì tòótọ́ kan gbà láti ibi méjì. Nínú rẹ̀, bírékà já kí fọ́ọ̀tì tó ṣẹlẹ̀. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ kan kí n tó mọ̀ pé aago ibì kan fi ìṣẹ́jú mẹ́ta yára ju ti èkejì lọ. Ká ní mo ti kó o fún ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, á ti kọ́ pé ọmọ ló ń bí ìyá.

Síbẹ̀, kí ẹ̀rọ mọ̀ pé ewu ń bọ̀ kò tíì gbà wá. Ta la máa gé? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 2019, mànàmáná bọ́ lu wáyà kan, oko afẹ́fẹ́ inú òkun kan àti ilé iṣẹ́ iná gáàsì kan sì bọ́ kúrò lórí gíríìdì ní àkókò kan náà. Ìlù wọn tó yẹ kó wà ní 50 wálẹ̀ sí 48.8. Rílè gé nǹkan bí mílíọ̀nù kan oníbàárà fúnra wọn, ìyókù orílẹ̀-èdè ò sì kú. Kò tó wákàtí kan tí iná fi padà dé. Ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ ojú irin kan wà tí ìlù yẹn rú wọn lójú, tí wọn ò lè gbéra mọ́ títí òṣìṣẹ́ fi dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni tó máa gé iná gbọ́dọ̀ ti mọ ẹni tó wà ní òpin wáyà kọ̀ọ̀kan.

Nílẹ̀ wa, bí gíríìdì bá wó pátápátá, wákàtí là ń sọ. Èyí tó pọ̀ nínú àwọn ilé iṣẹ́ iná nílò iná láti ìta kí wọ́n tó lè tanná, nítorí náà àwọn díẹ̀ tó lè dá ta jí, irú àwọn tó ń lo omi, ló máa kọ́kọ́ dìde, kí wọ́n tó wá máa gbé iná dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Alẹ́ òjò ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, ìyàwó Bàbá, tó ń ta ẹja yìnyín ní ọjà Àtàkúmọ̀sà, fi aṣọ òfì méjì bo fíríísà, ó sì gbé àga jókòó tì í kí ọmọ kankan má baà ṣí i. Ó ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí mo jí. Omi ti ń yọ lábẹ́ fíríísà, ó ń fi àkísà nù ún, kò sọ̀rọ̀. Òun ni mo máa ń rántí bí wọ́n bá ní kí n sọ ìwúlò iṣẹ́ mi.

Nígbà tí mo parí, mo kó ewu 40 tí ẹ̀rọ ò rí rí jọ, látara àwọn ìlà tí mo fi pa mọ́ fún un, pẹ̀lú ìlà kan tàbí méjì tí kò sí lórí iṣẹ́. Ó rí 36. Ó ní òun ò mọ̀ nípa méjì. Méjì ló gbójú fò.

Mo kó o lọ sí Iléṣà. Bàbá ò wo 36 rárá. "Mú méjì yẹn wá ká rí wọn."

Mo ṣí àkọ́kọ́ lórí kọ̀ǹpútà, mo yí i sí ọ̀dọ̀ wọn. Fọ́ọ̀tì lórí wáyà Jẹ́bà sí Òṣogbo, agogo méje alẹ́, pẹ̀lú ọ̀kan nínú àwọn ìlà tó jọ ń lọ síbẹ̀ tó wà lábẹ́ àtúnṣe. Bàbá sún mọ́ ọn. Wọ́n ka fóltéèjì Òṣogbo sókè, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n sì na ọwọ́ sí ìwé àkọsílẹ̀ tó ti já lẹ́yìn náà, wọ́n ń ṣí i láti ẹ̀yìn wá sí iwájú.

"Gbé iná sún mọ́bí," ni wọ́n wí. "Èyí ṣẹlẹ̀ lójú mi rí."